Ẹni Tó Yọ Ìwé Lára Ògiri

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé yín: ọkọ mi kò ya wèrè. Ẹni tó bá ní ó ya wèrè, kó wá bá mi nílé, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń pọn omi, wọ́n ń sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí wọ́n bá ti rò pé mo ti wọlé lọ gbé ọṣẹ. Bàbá Anuògiri. Orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn ní gbogbo àdúgbò wa ní Ìkọ̀tún.

Kì í ṣe irọ́ pé ó ń nu ògiri lóṣù tó kọjá. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, á pọn omi sínú garawa, á mú kànrìnkàn, á bọ́ síta. Ilé tó bá ti ní àmì ṣọ́ọ̀kì lára, á nu ún. Ilé wa o, ilé ẹlòmíì o, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì o, ó ń nu ún ni. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ á máa kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," wọ́n á sì máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Á dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Á ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ ṣá máa wo ara ilé yín."

Ọláìtán lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, káfíńtà ni, ilẹ̀kùn ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Kì í ṣe ẹni tó máa ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé pákó wá tí wọ́n ní ó ti gbẹ, á fi ìka kàn án, á gbóòórùn ẹ̀, á tún gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bóyá ó ṣì tutù. Tí wọ́n bá bá a wọn nǹkan, á tún un wọ̀n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ, ìwà yìí máa ń bí mi nínú. Mo máa ń ní, "Bàbá Zikrullah, ṣé ẹ ò lè gba ẹnì kan gbọ́ láyé yín ni?" Á rẹ́rìn-ín, á ní pákó kì í purọ́, èèyàn ló ń purọ́.

Kí a tó kó wá sí Ìkọ̀tún, ó fi ogún ọdún kọ́ ilé kan sẹ́yìn Ìgàǹdó, lẹ́bàá ojú àgbàrá. Yàrá mẹ́rin, ilẹ̀kùn méje, òun fúnra ẹ̀ ló gbẹ́ gbogbo ẹ̀. Ibi iṣẹ́ ẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, gbogbo ẹ̀rọ tó fi ń la igi wà níbẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí àwọn kan dé, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri wa, igi méjì tó dábùú ara wọn. Gbogbo ilé tó wà ní ìlà wa ni wọ́n kọ ọ́ sí. Alága àdúgbò, Alàgbà Charles, ní ká fọkàn balẹ̀, ó ní ilé ni wọ́n ń kà, wọ́n fẹ́ fi iná sójú títì. Gbogbo wa ṣe àmín.

Ọkọ mi nìkan ni kò ṣe àmín. Ó dúró níwájú àmì yẹn, ó ń wò ó. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ilé ni wọ́n ń kà, nọ́ńbà ẹ̀ dà?" Ó béèrè lọ́wọ́ alága, alága ní kó má da àdúgbò rú. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn onílé tó kù, wọ́n ní ṣé òun nìkan ló gbọ́n ni. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, mo ti ọjà Shasha dé, mo bá a lórí àpótí, ó ti yọ fèrèsé mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ kó ilẹ̀kùn àti páànù kúrò kí wọ́n tó wá wó ilé lé e lórí. Mo gbé ẹrù orí mi sọ sílẹ̀, mo figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ti ń ya wèrè!"

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Kì í ṣe ará Ìkọ̀tún kankan. Èmi Mọ̀dínátù, ìyàwó ẹ̀, ni mo kọ́kọ́ fi ẹnu mi pè é ní wèrè.

Mo ránṣẹ́ pe àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Alùfáà wá ṣàdúà sínú omi, ó mu ún. Wọ́n bá a dá àwọn fèrèsé padà síbi tí wọ́n wà. Ó ti rẹ ọkùnrin náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò tíì sùn dáadáa, lọ́jọ́ yẹn ó wá sùn bí ọmọ tuntun. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ gbálẹ̀ iwájú ilé, mo rí ìwé kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì pupa yẹn. Òyìnbó ló wà lára ẹ̀, èmi ò sì gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣáà rò ni pé tí ọkọ mi bá jí tó rí ìwé yìí, a tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fi omi rin ín, mo rọra yọ ọ́. Mo ká a, mo fi sínú àpótí aṣọ mi, lábẹ́ aṣọ tí mo fi ṣègbéyàwó. Mo mú kẹrosíìnì, mo fi nu ọ̀dà pupa náà títí ó fi ku àbàwọ́n lásán. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo rò pé ọkọ mi ni mò ń tọ́jú, Ọlọ́run ló jẹ́rìí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, katapílà dé. Ohun tí mo ráyè gbé jáde ni àpótí aṣọ mi. Ilẹ̀kùn méje yẹn fọ́ wóńwóń lójú wa, ẹ̀rọ ìlagi lọ sábẹ́ búlọ́ọ̀kù, ọkọ mi ò sì sunkún. Ilé méjì wà ní ìlà wa tí wọ́n gbé ìwé tiwọn lọ sí ọ́fíìsì ní bòńkẹ́lẹ́. Wọ́n fún àwọn yẹn láyè oṣù mẹ́ta, wọ́n kó páànù wọn, wọ́n kó ilẹ̀kùn wọn, wọ́n kó gbogbo ohun tó ṣeé kó. Ọkọ mi lọ bá ọ̀gá àwọn awólé, ó ní wọn ò fún òun níwèé kankan. Ọ̀gá yẹn fi àwòrán hàn án lórí fóònù: ilé yín rèé, ìwé yín rèé lára ògiri.

Ó wo àwòrán náà pẹ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Zikrullah, ẹnì kan ló yọ ìwé yìí."

Mo ní, "Bóyá afẹ́fẹ́ ni."

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ kì í yọ gọ́ọ̀mù."

Mo gbé àpótí aṣọ mi rù. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mi ò fi dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé fóònù ló fà á. Ta ló yọ ìwé? Ó kọ́kọ́ ní alága ni. Ó tún ní àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ó wá ń pè wọ́n ní "àwọn kan". Olúwagbénga tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní Ìkọ̀tún fi í sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù, àwọn kan yìí bá di èrò. Àwọn ló fi nǹkan sínú iyọ̀. Àwọn ló ń fi mítà iná ka iye èèyàn tó ń sùn nínú yàrá. Àwọn ló fi òpó fóònù tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ tí wọn ò fi tètè rìn. Tí mo bá se ọbẹ̀, á béèrè ibi tí mo ti ra iyọ̀, èmi náà á fi ìkanra dá a lóhùn pé inú òkun ni, jàre.

Ká ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀ ni, ì bá rọrùn. Lọ́dún tó kọjá, ó ní ká má mu píọ́ wọ́tà kan tí wọ́n ń gbé wá sádùúgbò. Ó gbé ọ̀rá mẹ́ta sójú fèrèsé, nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti ń yọ nǹkan bí èéhù aláwọ̀ ewé. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìgbẹ́ gbuuru wọ ilé méje. Wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe omi náà, àṣé kànga ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá ni wọ́n ti ń pọn ọ́n! Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín bá yí padà, wọ́n wá ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ iyọ̀ wo làwọn lè máa jẹ. Ẹ ẹ̀ rí ayé? Kí wá ni kí n sọ fún un? Tí mo bá ní irọ́ ni ti iyọ̀, á wò mí, á ní, "Ohun tó o sọ nípa àmì pupa náà nìyẹn." Màá sì padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀ mi.

Oṣù tó kọjá làwọn obìnrin abẹ́rẹ́ àjẹsára dé. Àwọn méjì ni, Charity àti Adébùnmí, wọ́n gbé kúlà kọ́ èjìká, wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí ìkejì. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Tí wọ́n bá ti parí nínú ilé kan, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà ilé sára ògiri, wọ́n á kọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀ àti iye tó gba abẹ́rẹ́, wọ́n á wá ya ọfà sí apá ibi tí wọ́n gbà lọ. Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá àmì lára ògiri, ó wo ìlà wa lọ títí dópin, àmì ló wà lára gbogbo ilé. Mo rí ojú ẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Kò tilẹ̀ wọlé kó bọ́ bàtà tó fi wá garawa.

Ọmọ ọwọ́ kan wà nílé wa, Rọ̀fíátù, ọmọ Zikrullah ọmọ wa. Oṣù mẹ́wàá ni. Ìbàdàn ni Zikrullah ti ń ṣiṣẹ́, Ọláwùmí ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ náà sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọn ò sí nílé lọ́jọ́ táwọn alábẹ́rẹ́ kọ́kọ́ wá, wọ́n bá ní àwọn á padà wá. Nígbà tí wọ́n padà wá, ọkọ mi dúró dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gún ọmọ òun, kò sì sẹ́ni tó máa kọ nǹkan sí ògiri òun.

Charity bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èèyi ti ń jà ní Ayọ̀bọ̀ o. Ara àwọn ọmọ ti ń sú, méjì ti wà lọ́sibítù."

Ọkọ mi ní, "Ta ló rán yín? Kí ni ìtumọ̀ ọfà yìí?"

Adébùnmí ti ti ojúlé méjìlélógójì bọ̀ nínú oòrùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, àmì lásán ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Háà! Àmì lásán! Ọ̀rọ̀ tí alága sọ nígbà yẹn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi tilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Ọláwùmí kò lè gbójú sókè wo bàbá ọkọ ẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó ń sunkún, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó sì pe ọkọ ẹ̀. Zikrullah bá pè mí. Ó ní, "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní eré. Mo ti bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀, Julius, àwọn tí ọkàn wọn ò lélẹ̀ ló ń tọ́jú. A jọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá ní ká gbé Dádì lọ, a máa gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló máa bi léèrè ọ̀rọ̀ jù. Mọ́mì, ẹ ṣáà sòótọ́ fún un."

Ẹ sòótọ́ fún un! Ọmọ tí mo bí nínú mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣí àpótí aṣọ yẹn tí mo ń pa á dé. Mo ń rò ó pé tí mo bá dákẹ́, wọ́n á gbé e lọ, wọ́n á fún un lóògùn, ọmọ á gba abẹ́rẹ́ ẹ̀, ilé á tòrò. Tí mo bá sì la ẹnu mi, ogójì ọdún ìgbéyàwó mi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi wó. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú mi, mò ń tutọ́ funfun. Mò ń ta ọṣẹ, mò ń kí oníbàárà, mò ń gbọ́ tí Rọ̀fíátù ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyá ẹ̀.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Julius kì í ṣe irú ẹni tí mo rò. Kò wọ aṣọ funfun, kò pariwo, ó dọ̀bálẹ̀ kí ọkọ mi, ó sì jókòó sórí àpótí ìjókòó tí ọkọ mi fúnra ẹ̀ kàn. Ó fọwọ́ pa á lára, ó ní, "Bàbá, àpótí yìí mà dára o." Ọkọ mi sọ orúkọ igi tó fi ṣe é fún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ti iyọ̀, ti mítà, ti ṣọ́ọ̀kì, ọkọ mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Zikrullah gbé orí lé ọwọ́.

Julius ní, "Bàbá, tí ẹnì kan bá fi hàn yín pé ohun tẹ́ ẹ rò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ lè gbà?"

Ọkọ mi ní, "Tó bá fi hàn mí, kí ló dé tí mi ò fi ní gbà? Wọn ò fi hàn mí rí. Wọ́n kàn máa ń ní kí n fọkàn balẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fura?"

"Ìgbà tí wọ́n yọ ìwé lára ògiri mi."

Zikrullah mí kanlẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé yìí sílẹ̀ ná. Ìwé yẹn ti ṣí kúrò fúnra ẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́."

Julius kò wo Zikrullah. Èmi ló kọjú sí. Ó ní, "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà yẹn, Mà. Ṣé ẹnì kan yọ ìwé, àbí nǹkan tí Bàbá ń rò lásán ni?"

Bíírò ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wo bíírò yẹn. Mo mọ̀ pé ohun tí mo bá sọ ló máa kọ sílẹ̀, ohun tó bá sì kọ sílẹ̀ ni wọ́n máa fi gbé ọkọ mi wọ mọ́tò. Ọkọ mi ò wò mí. Ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbè é lẹ́yìn.

Mo dìde. Mo wọ yàrá, mo tú aṣọ ìgbéyàwó mi, mo mú ìwé náà jáde, mo sì wá gbé e lé ọkọ mi lórí itan. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo yọ ọ́. Ẹ ń sùn ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n jí yín."

Ọkọ mi wọ awò ojú ẹ̀. Ó ka ìwé náà tán, ó tún un kà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tún gbogbo nǹkan wọ̀n. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún," ó ní. "Wọ́n fún wa ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ká wá rí wọn." Ó yí ẹ̀yìn ìwé náà. Ọ̀dà ilé wa ṣì lẹ̀ mọ́ ibi tí gọ́ọ̀mù wà, aláwọ̀ omi aró, òun ló pò ó fúnra ẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa á lára.

Ó ní, "Mo sọ pé ẹnì kan ni."

Mo bú sẹ́kún. Mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, mo ní kó dárí jì mí, mo ní kó lù mí. Kò lù mí. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà, Mọ̀dínátù." Láti ìgbà tí mo ti bí Zikrullah, kò pe orúkọ mi rí. Zikrullah dìde, ó jáde síta láìwẹ̀yìn.

Julius ti dé bíírò ẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí Bàbá gbà gbọ́ tóun ò gbà gbọ́, àwọn sì máa máa jọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tóun máa gbé lọ lónìí. Bó ṣe ń jáde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí bóyá èmi náà máa ń sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló lọ pe Charity. Ó mú un jókòó, ó bi í ní gbogbo ìbéèrè tó wà nínú ẹ̀: ta ló rán wọn, kí ló wà nínú ìgò, kí ni ọfà, kí ni nọ́ńbà. Ó tó wákàtí kan. Ọlọ́run á bùkún ọmọ yẹn, kò sọ pé kó fọkàn balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé ìgò fún un, ó ka ohun tó wà lára ẹ̀. Ọkọ mi gba Rọ̀fíátù lọ́wọ́ Ọláwùmí, ó gbé e lé ẹsẹ̀ ara ẹ̀, wọ́n gún un níbẹ̀, ọmọ ké, ọkọ mi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí ó fi dákẹ́. Charity kọ ọ́ sára ògiri wa pé ọmọ kan, abẹ́rẹ́ kan. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Kò nu ògiri mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní ara Bàbá ti yá, wọ́n ń bá mi dúpẹ́. Mò ń ṣe àmín.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọkọ mi kì í jẹ oúnjẹ mi mọ́. Kò bú mi. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń bi mí bí ọjà ṣe rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé oúnjẹ wá, á ní inú òun ti yó. Tí mo bá bu omi fún un, á dúpẹ́, á gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì dìde lọ bu òmíràn fúnra ẹ̀. Mo fara dà á, mo fara dà á, lánàá ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo pariwo mọ́ ọn.

"Bàbá Zikrullah, kí lẹ rò pé mo máa fi sínú omi? Àbí orí yín ò tiẹ̀ pé lóòótọ́ ni?"

Ó wò mí. Kò sí ìbínú lójú ẹ̀ rárá. Ó ní, "Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó wà nínú àpótí aṣọ yẹn náà."

Mo gbé ife náà, mo dúró níwájú ẹ̀, mo mu omi yẹn tán pátápátá, mo sì dorí ife kodò kó lè rí i. Ó mi orí pé òun rí i. Ó dìde, ó lọ bu tiẹ̀.